Ṣé a lè ta omi sílẹ̀ níwájú ère ìgboro?

Mo júbà àgbà, mo júbà ọmọdé. Mo júbà àwọn tó ti lọ tí a kò mọ ibi tí wọ́n sùn sí. Kí ìbà mi ṣẹ.

Ìbéèrè kan ló bí àròkọ yìí. Ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ọ̀ṣun kan, lẹ́yìn tí a ti ṣe tán, tí a ń jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín nínú pálọ̀ mi ní Peckham níbí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé wa, tí ìyá rẹ̀ àgbà wá láti Jàmáíkà, bi mí pé: "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè lọ ta omi sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá mi níwájú ère tó wà ní Stockwell yẹn? Ẹ ní kí n máa pe orúkọ wọn. Mo mọ orúkọ ìyá ìyá mi, mo mọ orúkọ ìyá tó bí i. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò mọ ẹnì kankan mọ́. Mi ò mọ sàréè wọn. Ère yẹn nìkan ni mo rí tó jọ wọ́n."

Mo ti fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ bàbá kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àgbà awo tó wá kí wa láti ilé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ère ìgboro? Ta ló fi í lélẹ̀? Ta ló bọ ọ́ rí? Ère lásán ni." Ọmọ náà dákẹ́. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ní: "Bàbá, ẹ má bínú o. Ẹ̀yin lẹ tà wá. Bí ẹ kò bá tà wá ni, à bá mọ sàréè wọn."

Ilé pa lọ́lọ́. Èmi ni ìyálé, èmi ló yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni: "Kì í ṣe ilé tiwa ló tà yín." Ojú ń tì mí títí di òní pé mo sọ bẹ́ẹ̀, ẹ óò sì rí ìdí rẹ̀ níwájú. Àwọn méjèèjì ni mo jẹ ní ìdáhùn, bàbá àti ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú láti san gbèsè náà níbí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ti bàbá, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Nínú ìsìn wa, ère kì í ṣe òrìṣà. Gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ igi, igi náà ni. Ohun tó ń sọ ọ́ di ojúbọ ni pé ẹnìkan ń wá síbẹ̀: ó ń bu omi tútù, ó ń da obì, ó ń sọ tẹnu rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ènìyàn kò sí, òrìṣà kò sí. Ẹ wo ère ìbejì. Ìyá tí ọ̀kan kú nínú ìbejì rẹ̀ yóò gba ère, yóò máa wẹ̀ ẹ́, yóò máa fi osùn pa á lára, yóò máa fún un lóúnjẹ, yóò máa gbé e bí ọmọ. Bí ẹ bá dé British Museum, tí ẹ wo ère ìbejì dáadáa, ẹ óò rí i pé ojú àwọn kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́, imú wọn ti dán. Kì í ṣe pé gbẹ́nàgbẹ́nà kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ìyá ló fọ̀ ọ́ tó fi rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ènìyàn àti àṣà ní yunifásítì, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń wọn ère, bí a ṣe ń mọ igi tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ àti ìlú tó ti wá. Kò sí ẹni tó kọ́ wa láti wá ọwọ́ ìyá lára rẹ̀. Nínú gíláàsì, ojú rẹ̀ kò ní pa rẹ́ mọ́, torí kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ kàn án mọ́.

Ẹ tún wo àkó ní Ọ̀wọ̀. Bí ẹni ńlá bá kú nígbà náà, wọ́n á gbẹ́ ère tó jọ ọ́ gan-an, wọ́n á fi aṣọ rẹ̀ wọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e yí ìlú ká, kí wọ́n tó sin ín. Ère tó jọ ènìyàn jù lọ nínú gbogbo ère wa, sínsin ni wọ́n ń sin ín! Ẹ sì wo egúngún. Aṣọ ni, ẹsẹ̀ ni, ohùn ni. Ará ọ̀run kì í dúró sójú kan. Nítorí náà, nígbà tí bàbá rí irin tó dúró ní oríta, tí ẹnikẹ́ni kò bá sọ̀rọ̀, tí mọ́tò ń yí i ká tọ̀sán-tòru, kò yà mí lẹ́nu pé ó pè é ní ère lásán.

Àmọ́ ohun kan wà tí bàbá gbàgbé. Àwa náà ní òkúta. Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn dúró ní Ifẹ̀, ó ga ju mítà márùn-ún lọ, ìṣó irin sì wà lára rẹ̀. Èyí tó sì ṣe pàtàkì jù fún ọ̀rọ̀ wa ni ti Èsìé, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ère òkúta tó lé ní 1,000 ló wà níbẹ̀, ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé, àwọn kan jókòó sórí àpótí, àwọn kan mú idà lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó mọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ wọn. Ìtàn àwọn ará Èsìé fúnra wọn ni pé wọ́n bá wọn níbẹ̀ ni. Síbẹ̀, wọ́n gbà wọ́n, wọ́n ń tọ́jú wọn, wọ́n sì ń ṣọdún wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé àkójọ-ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sí ní 1945.

Ṣé ẹ rí i? Bí ó bá jẹ́ pé "ta ló fi í lélẹ̀?" ni ìbéèrè tó ṣe kókó, Èsìé kò ní ìdáhùn. Ìbéèrè tó ṣe kókó ni "ta ló ń wá síbẹ̀, kí ló sì ń sọ?" Ère tí a bá lójú ọ̀nà lè di ojúbọ, bí àwọn kan bá gbà á tọkàntọkàn. Èyí ni ìdáhùn mi fún bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ère Stockwell tí ọmọ wa ń sọ ni wọ́n ń pè ní Bronze Woman. Obìnrin dúdú ni, ó gbé ọmọ sókè lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Cécile Nobrega, akéwì àti olùkọ́ tí wọ́n bí ní Guyana, ló lálàá rẹ̀, ó sì jà fún un fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ian Walters ló ya bátànì rẹ̀. Nígbà tó kú, Aleix Barbat parí iṣẹ́ náà, wọ́n sì ṣí i ní oṣù kẹwàá ọdún 2008. Obìnrin àgbàlagbà kan tó ní òun kò ní sinmi àfi bí wọ́n bá gbé ìyá tó gbé ọmọ sókè sí ojú títì: bí ìyẹn kò bá jọ ẹni tó ń fi nǹkan lélẹ̀, mi ò mọ ohun tó jọ ọ́.

Ní Peckham tiwa, ohun tí a ní kéré lójú. Àmì aláwọ̀ búlúù wà lára ilé kan ní 164 Queen's Road, ilé Dókítà Harold Moody. Ọmọ Jàmáíkà ni, ó dé London ní 1904, ó ń tọ́jú aláìsàn ládùúgbò yìí, ó dá League of Coloured Peoples sílẹ̀ ní 1931, ó sì kú ní 1947. Àbúrò rẹ̀, Ronald Moody, tó jẹ́ agbẹ́gilére, fi idẹ ṣe ère orí rẹ̀. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Ẹni tó mọ ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn baba ńlá ọmọ wa kò ní àbúrò tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ìwé ọjà àti ìwé ọkọ̀ ojú omi ló kẹ́yìn wọn.

Ère tún lè ṣiṣẹ́ òdì kejì: ó lè ran ìlú lọ́wọ́ láti gbàgbé. Láti 1813 ni wọ́n ti gbé ère Robert Milligan kalẹ̀ ní West India Docks, torí ó wà lára àwọn tó jẹ́ kí wọ́n kọ́ èbúté náà, tó ṣí ní 1802. Nígbà tó kú ní 1809, oko ìrèké méjì ló ní ní Jàmáíkà, ènìyàn 526 sì jẹ́ ẹrú rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń jẹun, wọ́n ń mu bíà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Yorùbá, ẹ kíyè sí ohùn: ère ni èyí tí a gbẹ́, èrè sì ni èyí tí a jẹ lórí ọjà. Ní West India Docks, èrè ló bí ère. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà ọdún 2020, àwọn èrò wọ́ ère Colston sínú omi ní Bristol. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n gbé Milligan kúrò.

Ní àdúgbò kan náà, West India Quay, ni wọ́n mú fún ìrántí tuntun. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ọ́fíìsì olórí ìlú London kéde pé iṣẹ́ Khaleb Brooks ni wọ́n yàn fún ìrántí àwọn tí òwò ẹrú orí òkun Àtìláńtíìkì pa lára. The Wake ni orúkọ rẹ̀. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ yẹn lè jẹ́ ipa tí ọkọ̀ fi sílẹ̀ lórí omi, ó lè jẹ́ àìsùn òkú, ó sì lè jẹ́ jíjí lójú oorun. Kí sì ni ère náà? Owó ẹyọ kan ṣoṣo, tí wọ́n fi idẹ ṣe, tó ga tó mítà méje, tí ènìyàn lè wọ inú rẹ̀.

Nígbà tí mo rí àwòrán rẹ̀, àyà mi já. Owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún wà lórí àtẹ mi. Ìyá tó tẹ̀ mí ní Òṣogbo ló kó wọn lé mi lọ́wọ́. A ti gé ẹ̀yìn wọn kí ẹnu wọn lè sọ̀rọ̀. Bí mo bá dà wọ́n, òrìṣà á fọhùn, ẹni tó ń sunkún á gbọ́ ohun tó lè ṣe. Ṣùgbọ́n owó ẹyọ kì í ṣe ọmọ etíkun wa. Láti àwọn erékùṣù Maldives ni wọ́n ti ń ṣà á. Àwọn ọkọ̀ Òyìnbó ń kó o wá sí London àti Amsterdam, wọ́n á tà á níbẹ̀, àwọn oníṣòwò á tún kó o lọ sí etíkun wa, sí Ouidah, sí Àgbádárìgì, sí Èkó. Kí ni wọ́n fi ń rà? Ènìyàn. Àní nínú èdè wa, ọ̀kẹ́ kan, tí í ṣe 20,000, àpò owó ẹyọ ni. Bí a bá ń ka nǹkan ní ọ̀kẹ́-ọ̀kẹ́, ẹnu ọjà yẹn ṣì wà lẹ́nu wa.

Owó ẹyọ kì í jẹrà. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé mẹ́rìndínlógún tó wà lórí àtẹ mi kò ra ọmọ ẹnìkan rí. Ohun tí mo fi ń gbọ́ ohùn òrìṣà àti ohun tí wọ́n fi díye lé ènìyàn, ohun kan náà ni. Mo ti gbọ́ tí olórìṣà kan sọ pé àbùkù ni kí wọ́n fi ohun mímọ́ wa ṣe ìrántí òwò ẹrú. Mo rò ó, mo rí i pé òdì kejì ni òtítọ́. Owó ẹyọ ńlá yẹn kò bu òrìṣà kù. Ìtàn tiwa gan-an ló ń sọ, èyí tí a kì í sọ lójúbọ.

Ọ̀rọ̀ ọmọ wa ló kù báyìí: "Ẹ̀yin lẹ tà wá."

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní Abẹ́òkúta. Mo ní kí wọ́n bá mi ki oríkì ilé wa látòkèdélẹ̀. Ibì kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń sáré kọjá bí mo bá ń kì í nídìí ìyá àti baba mi, ibi tí a ti ń yin baba ńlá wa pé ẹrú pọ̀ lágboolé rẹ̀. Mo bi wọ́n: "Màámi, ẹrú wo ni?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní: "Àbẹ̀ní, ogun ló kó wọn wá. Àwọn kan bímọ sílé wa, wọ́n di ẹbí. Àwọn kan, wọ́n tà wọ́n sí etí òkun." Mo bèèrè orúkọ àwọn tí wọ́n tà. Wọ́n ní, "Ta ló máa mọ ìyẹn?"

Ẹ wò ó, ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń fi ẹnu ara mi kéde rẹ̀ lójúbọ, tí mo sì sọ lójú ọmọ náà pé kì í ṣe ilé tiwa. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Kì í ṣe oríkì ilé tèmi nìkan. Ère Ẹfúnróyè Tinúbú dúró ní Tinúbú Square ní Èkó. Akọni obìnrin ni, Ìyálóde Ẹ̀gbá àkọ́kọ́ ni, ó pèsè ohun ìjà nígbà tí Dàhòmì gbógun ti Abẹ́òkúta ní 1864. Oníṣòwò ẹrú sì ni pẹ̀lú. Bí a bá pàtẹ́wọ́ nígbà tí wọ́n gbé Milligan kúrò, kí la óò sọ nípa Tinúbú? Bí ìdáhùn wa bá jẹ́ pé "tiwa ni òun," a kò tíì dáhùn. Ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ Milligan sọ ní 1813 náà nìyẹn.

Èyí ni ibi tí mo dé lórí rẹ̀. Àkọ́kọ́, oríkì sàn ju ère lọ lọ́nà kan. Oríkì tòótọ́ kì í yin ènìyàn nìkan. Ó ń sọ gbèsè rẹ̀, ìjà rẹ̀, ìwà tó bá a jẹ́. Ère kò lè sọ ju ohun kan ṣoṣo lọ: ó dúró gangan, ó ga. Nítorí náà, ibikíbi tí ère bá wà, ó yẹ kí ẹnu wà níbẹ̀ tí yóò sọ ìyókù. Èkejì, ẹni tí a ṣẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ àkọ́sọ. Ní London, àwọn ọmọ àwọn tí àwọn bíi Milligan rà ń gbé nínú ìlú, wọ́n sọ pé kí ó kúrò, ó sì tọ́ kí ó kúrò. Ní Èkó, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ àwọn tí Tinúbú tà wà lókè òkun. A kò tíì bi wọ́n. Mi ò ní kí ère rẹ̀ wó. Mo ní ọjọ́ tí wọ́n bá dé, tí wọ́n bá sì sọ̀rọ̀, a jẹ wọ́n ní etí, a kò sì gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín.

Àwọn tí a kò mọ orúkọ wọn ńkọ́? Òótọ́ ni pé orúkọ ni a fi ń pe òkú, oríkì ni a fi ń jí i. Ṣùgbọ́n kò sí ìdílé tó mọ gbogbo òkú rẹ̀. Gbogbo wa la máa ń dé ibi tí a ti ń sọ pé "àwọn tí a mọ̀ àti àwọn tí a kò mọ̀." Ti ọmọ wa kàn yá ju tèmi lọ ni. Kó pe èyí tó mọ̀: ìyá rẹ̀ àgbà, ìyá tó bí i, Jàmáíkà, oko ìrèké, ọkọ̀, omi Olókun tí àwọn kan kò gòkè nínú rẹ̀ mọ́. Àìmọ orúkọ wọn kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ẹnìkan ló gba orúkọ náà lọ́wọ́ wọn, ó sì yẹ kí wọ́n gbọ́ ìyẹn náà nínú ìpè.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, èmi àti òun wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Stockwell. A mú omi tútù nínú ìgò, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀ lórí kọnkéré yẹn, mo dárúkọ ilé wa, mo ki oríkì náà láì sáré kọjá ibì kankan, mo sì sọ pé: ẹ̀yin tí ilé wa tà, tí ẹnikẹ́ni kò rántí orúkọ yín, ẹ jọ̀ọ́, mo wá bẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọmọ ta omi tirẹ̀ sílẹ̀, ó pe orúkọ méjì tó mọ̀, ó pe ìyókù láì lórúkọ. Nígbà tí a dìde, ó fa ọwọ́ mi. Ó ní: "Mo gbọ́, ìyá mi." Kò sọ pé ó ti tán, èmi náà ò sì bèèrè.

Fún ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀: omi nìkan ti tó. Ẹ má da epo sára idẹ tàbí òkúta, ẹ má fi oúnjẹ sílẹ̀ fún eku, ẹ gbá ibẹ̀ kí ẹ tó lọ. Ẹ mú ọmọdé dání, torí òrìṣà tí a kò bá fi han ọmọ, píparun ní í parun. Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Yorùbá bíi tèmi, ẹ kọ́kọ́ wádìí oríkì ilé yín kí ẹ tó jáde nílé. Kí ẹ̀bẹ̀ ṣáájú ẹbọ.

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún bàbá lórí fóònù. Mo rò pé wọ́n á tún rẹ́rìn-ín. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní: "Ẹ ṣe dáadáa. Àmọ́ ẹ ò dá obì. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé wọ́n gbà?" Òótọ́ ni. A óò padà lọ, a óò mú obì dání, a óò sì bi wọ́n. Ohun tí obì bá sọ la óò ṣe.

Ire o. Àṣẹ.